Mẹ́ta Jẹ́jẹ́, Ìkẹrin Gbì

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìgbúròó mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wí fún gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ wá pé ọmọ yín ti gbé yín sọnù. Mi ò gbé yín sọnù, iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn. Ara mi le, mo ń jẹun, mo sì ń wọ ṣúẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Télọ̀ ni yín o, màmá, mi ò mọ ohun tó ṣe yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ yín tó máa ń wú ńkọ́?

Ǹ bá pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹ ó gbé e sí etí ọ̀tún tí àìsàn ti dí láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, ẹ ó máa ṣe "hẹ̀n? hẹ̀n?", lẹ́yìn náà ẹ ó fi fóònù fún oníbàárà kan kó bá yín gbọ́ ọ. Èyí dùn ju ohun tí oníbàárà ń bá èèyàn gbọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Màmá, orin mi ti gbòde. Mi ò parọ́. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra búrẹ́dì, òun ni wọ́n ń gbọ́. Mo wọ ọkọ̀, awakọ̀ ń fi ìka lu sítíárì sí i. Àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa gan-an ń pariwo "Súnmọ́ mi" bí ẹni pé ilé wa ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọ Káfíńtà ni orúkọ tí mo ń jẹ́ lórí pèpéle báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti rìnrìn àjò, mo rí kásẹ́ẹ̀tì kan tó há sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí bàbá kàn sí yàrá yín. Mo mú un láì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mi ò ní ohun kankan tó jẹ́ ti bàbá lọ́wọ́. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí mi títí mo fi gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń gba ohùn wa sílẹ̀ ní sítúdíò. Ọ̀gá Etí là ń pè é, torí kò sí ohun tó kéré jù fún etí rẹ̀. Ó fi í sínú ẹ̀rọ, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí ta gìtá, wọ́n ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ilé wa kò tóbi, súnmọ́ mi díẹ̀ sí i." Láàárín orin, wọ́n dákẹ́. Ẹ̀rọ ṣì ń yí. La bá gbọ́ ọ: kó, kó, kó, gbì. Kó, kó, kó, gbì. Nígbà tó yá, wọ́n padà wá, wọ́n kọ orin náà parí.

Mo fò dìde lórí àga. Ta ni kò mọ òòlù bàbá? Mẹ́ta jẹ́jẹ́ kí ìṣó lè rí ibi dúró, ìkẹrin gbì kó lè wọlé tán. Nígbàkígbà tí mo bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín láti ilé ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń wà tí mo ń bá wọn di pákó mú, bí wọ́n sì ṣe máa ń kàn án nìyẹn. Mo ní, "Ọ̀gá Etí, bàbá mi ló ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi yìí." Ó gé e jáde, ó tò ó, ó fi ṣe ìlù orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún rí nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn gbogbo ìkẹrin, ohùn obìnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń ṣe "hùn". Mo mọ ohùn yín, màmá. Ẹ̀yin lẹ ń gbe orin lẹ́yìn wọn. Ó gbé ohùn náà sókè, ohun tí àwọn èèyàn sì fẹ́ràn jù nínú orin náà nìyẹn.

Mo ti fi orin náà ránṣẹ́ sí bàbá, inú wọn dùn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá fọ́tò kan tí ẹ̀yin àti bàbá jọ dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Àwọn oníròyìn ń bèèrè ìtàn orin náà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ilé tí o wà. Ẹsẹ̀ ń wú, kò tíì bẹ́. Ní ti ṣúẹ́tà, èmi kọ́ ni mo hun ún, mo rà á ni, torí náà lọ bá ẹni tó hun ún jà.

Orin rẹ dé etí mi kí lẹ́tà rẹ tó dé. Mo ń gé aṣọ ìyàwó kan lọ́wọ́ nígbà tí oníbàárà mi yí rédíò sókè, ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ọmọ yín." Mo gbọ́ ohùn rẹ, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ìlù yẹn wá wọlé. Ọwọ́ mi ṣì ń gé lọ, mi ò mọ ohun tí mo ń gé mọ́. Mo ba aṣọ aláṣọ jẹ́, sísọ́ọ̀sì wọ ìka mi dé eegun, ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ funfun náà. Mo ṣubú lulẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n da omi lé mi lórí. Oníbàárà ń sọ fún àwọn èèyàn pé ayọ̀ ló gbé mi ṣubú. Kò sí ẹni tó bi èmi fúnra mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò pọ̀. Yọ ìlù yẹn kúrò. Yọ ohùn mi kúrò pẹ̀lú. Fi tìrẹ sílẹ̀, fi gìtá sílẹ̀ bí o bá fẹ́, èmi àti gìtá kò jà. Má bi mí nídìí. Ìyá rẹ ni mí, ó yẹ kí ìyẹn tó.

Fọ́tò tí o ń wá kò sí. Ó sì dùn mí pé o wọ yàrá mi, o mú kásẹ́ẹ̀tì láì bi mí. Mo rò pé gbogbo kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ ni mo ti sun. Bàbá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ó gbé rédíò lé èjìká, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn bí olóṣèlú. Láti ọjọ́ tó ti kó jáde nílé, kò gba àdúgbò yìí kọjá rí. Kọ̀wé sí mi kíákíá pé o ti yọ ọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Màmá,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì pẹ̀lẹ́ fún ìka yín. Mo rí lẹ́tà yín gbà, inú sì bí mi, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ẹni tó bá yọ ìlù yẹn kúrò ti pa orin náà. Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá Etí, ẹ̀rín ló bú sí. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń yọ eegun ẹja kúrò kó tó lúwẹ̀ẹ́.

Ó ti pẹ́ jù náà. Mo ti sọ ìtàn rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Mo sọ bí káfíńtà kan ṣe dá orin ìfẹ́ dúró láàárín kó lè kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ìyàwó rẹ̀, tí ìyàwó náà sì ń gbè é lẹ́yìn. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò sunkún, èmi náà sunkún. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí mi pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ló wu àwọn. Àwọn mìíràn ti ń fi jó wọlé níbi ìgbéyàwó wọn. Ọkọ á fi ọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́jẹ́, tó bá di ìkẹrin, ìyàwó á ṣe "hùn", gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́.

Màmá, mo mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjà àárín ẹ̀yin àti bàbá ni. Mi ò sí nílé nígbà yẹn. Ẹ ti gbé mi lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ní kí n lọ kàwé. Ìgbà ìsinmi nìkan ni mo fi ń rí bàbá mi, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni lójú mi. Kí n tó padà dé, ẹ ti lé wọn. Ẹ gba bàbá mi lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, ẹ má tún gbà á lọ́wọ́ mi nínú orin.

Mo ti bá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan lọ́dọ̀ yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá ya fídíò nínú yàrá yín. Bàbá á kan òòlù mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yin á gbè é. Bàbá ti gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ aṣọ tó dáa, ẹ tú ojú ká, ẹ má dójú tì mí. Ọjọ́ kan péré ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Màmá,

Ẹ káàárọ̀ tàbí ẹ kúùrọ̀lẹ́, èyí tó bá bá yín níbẹ̀. Mi ò rí èsì gbà. Mo pe fóònù yín, ó ń dún, kò sí ẹni tó gbé e. Bàbá ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé àwọn tẹlifíṣàn ti wá, pé àwọn jọ ṣeré díẹ̀, pé ẹ yọ̀ ṣubú, pé kí n má da ara mi láàmú. Mo bi wọ́n pé ibo lẹ ti yọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan ń ta lára. Mo pe ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, wọ́n ní ọ̀gá àwọn ti ní kí àwọn má sọ nǹkan kan fún mi.

Mo ṣeré ní pápá bọ́ọ̀lù kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo èrò ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, mẹ́ta jẹ́jẹ́, ìkẹrin gbì, gbogbo pápá ń mì. Àwọn ọkùnrin kan níwájú ń fi orí gbá ara wọn ní gbogbo ìkẹrin. Imú ẹnì kan nínú wọn fọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọrin bàbá mi. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ̀jẹ̀ ìka yín lórí aṣọ ìyàwó yẹn ni mo ń rò, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ orin lẹ́nu.

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ fi ìbínú náà sínú lẹ́tà, kí ẹ fi ránṣẹ́. Mi ò lè fara da kí ẹ dákẹ́ báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ eléyìí, ìyẹn ló fi rí wúruwùru. Wọ́n ti di ti ọ̀tún, ó le bí pákó. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà. Mo wà láàyè.

O ní kí n fi ìbínú sínú lẹ́tà. Ó wà nínú eléyìí. Jókòó kí o tó kà á.

Kò sí òòlù nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Kọ́bọ́ọ̀dù ti parí tipẹ́ kí wọ́n tó gba orin yẹn sílẹ̀. Ọ̀sán kan ni. Bàbá rẹ ti gbìyànjú orin náà títí, nǹkan kan ṣáà ń bà á jẹ́. Ajá gbó, ọkọ̀ fọn fèrè, okùn gìtá já. Ìgbà tó yá, ó rí i kọ, ó sì ń dùn. Èmi wà nínú yàrá, mo ń kó aṣọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku wọ̀ mí nímú, mo sín. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Ó gbé gìtá kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí kò fẹ́ kí nǹkan ṣe é. Kò pa ẹ̀rọ. Ó wọlé wá bá mi, ó di irun mi mú lẹ́yìn ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi orí mi gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Bó ṣe máa ń kan ìṣó ló ṣe ń ṣe é. Mẹ́ta jẹ́jẹ́, kó lè mọ ibi tó fẹ́ gbá. Ìkẹrin gbì. Ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́, n kò rò pé ó tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń kà á. N kò pariwo, torí bí mo bá pariwo, ṣe ló máa ń pẹ́ sí i. Mo pa ẹnu dé. Èyí tó bá gba imú mi jáde nígbà tí orí mi bá gbá pákó, òun ni "hùn" tí Ọ̀gá Etí rẹ gbé sókè. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ní etí ọ̀tún mi. Etí náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo pè é ní àìsàn fún ọ. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ tí mo ń kó, ó padà lọ jókòó, ó kọ orin ìfẹ́ náà dé òpin. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Ìwọ ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nígbà yẹn. Ohun tí mo fi gbé ọ lọ síbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìwé. O ní kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni lójú rẹ. Òótọ́ lo sọ. Bí o bá ti wá lo ìsinmi, ọwọ́ rẹ̀ náà á gba ìsinmi. Mo fi bàbá dáadáa sílẹ̀ fún ọ nínú orí rẹ, torí mo rò pé kò lè na ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sì lé e. Ó rí obìnrin mìíràn, ó kó gìtá rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ yẹn, mo jókòó sórí ilẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Bí o bá fẹ́ bi mí ìdí tí mo ṣì fi ń lo kọ́bọ́ọ̀dù náà, pákó rẹ̀ dáa, òun kọ́ ló sì ṣẹ̀ mí.

Ó wá ku fídíò rẹ. Wọ́n wá, bí o ṣe ní kí wọ́n wá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní n kò fẹ́. Bàbá rẹ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ojú ló ń tì í, ẹ wọlé jàre." Òòlù tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lu kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n yà á. Ẹni tó gbé kámẹ́rà wá ń fi wé orin inú fóònù rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kò jọra. Tinú orin rọ̀ ju eléyìí lọ." Wọ́n fi igi gbìyànjú, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ gbìyànjú, kò jọra. Ọmọbìnrin tó di makirofóònù mú wá bi mí pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Màmá, kí ni wọ́n fi lù ú gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Ó fi òòlù sílẹ̀ sórí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn ọrùn mi mú níbi tó máa ń dì í mú, ó sì fi orí mi kan ilẹ̀kùn náà bí ẹni ń ṣeré. Kó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kó. Ẹni tó gbé kámẹ́rà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn." Kó.

Kó tó di ìkẹrin, mo ti na ọwọ́ sórí tábìlì, mo ti gbá áyọ́ọ̀nù mú. Ó gbóná. Mo yí padà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, bí mo ṣe máa ń tẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó le. Ó ké. N kò gbọ́ igbe ọkùnrin yẹn rí láyé mi. Ó fi ọwọ́ kan di ojú, ó fi èkejì gbá òòlù mú, ó fi gbá ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ tábìlì. Kò ṣe mẹ́ta jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìkẹrin ló fi bẹ̀rẹ̀, ìkẹrin náà ló sì ń lù títí ẹni tó gbé kámẹ́rà fi ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ tó sì gbé e ṣubú. Dókítà ní òun kò mọ̀ bóyá ọwọ́ yìí á tún di abẹ́rẹ́ mú.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀, fóònù ọ̀gá wọn dún. Orin rẹ ni. Ó mi èjìká sí i díẹ̀ kó tó gbé e.

Mo tún bẹ̀ ọ́. Yọ mí kúrò nínú orin yẹn. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gbọ́ ọ, èmi ni wọ́n ń lù níbẹ̀, nínú ọkọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, níwájú ọkọ àti ìyàwó tuntun. N kò tíì sinmi láti oṣù kejì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí yín. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà, bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí mi.

Mo ka lẹ́tà yín ní ìdúró, mi ò jókòó bí ẹ ṣe ní kí n jókòó, mo sì jìyà rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí sáré kiri. Mo padà sí tẹlifíṣàn, mo sọ òótọ́. Mo bẹ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kí wọ́n má lò ó mọ́. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní orin dáadáa ni, pé kí n má gba ọ̀rọ̀ sí ara. Ní ibi eré tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, mo ní kí àwọn onílù dákẹ́, mo sọ ohun tó wà nínú orin náà fún èrò, àwọn kan ń sunkún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ láìsí ìlù. Kí n tó kọ ìlà kejì, wọ́n ti ń fi àtẹ́wọ́ lù ú fún mi. Mẹ́ta jẹ́jẹ́, ìkẹrin gbì. Wọ́n rò pé àwọn ń tù mí nínú ni. Mo sáré kúrò lórí pèpéle.

Ibẹ̀ ni mo gbà lọ bá Ọ̀gá Etí kó pa orin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́, torí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti ń jáde. Mo ka lẹ́tà yín fún un. Ó bọ́ fìlà, mo rò pé ó yé e. Ó wá ní, "Ìtàn yìí á gbé orin náà ga ju báyìí lọ. Jẹ́ kí n gbé ohùn ìyá rẹ sókè díẹ̀ sí i." Ó tẹ ẹ̀rọ, ẹ ṣe "hùn".

Mo gbá a lọ́rùn mú. Ilẹ̀kùn sítúdíò nípọn, pákó ni, mo sì ń fi orí rẹ̀ gbá a. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ohun tó dá mi dúró kì í ṣe àánú, màmá. Etí mi ló gbọ́ ọ. Mẹ́ta jẹ́jẹ́. Ìkẹrin gbì. Mi ò kà á, ọwọ́ mi ló ń kà á fúnra rẹ̀. Ní gbogbo ìkẹrin, ó ń ṣe "hùn".

Mo fi í sílẹ̀, ó yọ̀ wálẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ kan ti bò, eyín rẹ̀ wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi fúnra mi ni mo pe ọlọ́pàá. Wọ́n tì mí mọ́lé, wọ́n ti tú mi sílẹ̀ báyìí kí n máa retí ilé ẹjọ́. Ó wà ní ọsibítù, kò tíì sọ̀rọ̀ geere.

Mo ń wo ọwọ́ méjèèjì yìí, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé wọn sí. Ọwọ́ bàbá ni wọ́n. Ó ti wà lára mi láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn di pákó mú, mi ò mọ̀. Mi ò lè yọ yín kúrò nínú orin yẹn, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Tí ẹjọ́ bá parí, mo fẹ́ wálé. Ṣé ẹ máa gbà mí?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Má bínú pé mo pẹ́. Lẹ́tà rẹ wà níbí tipẹ́, mo ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára ajá tí èèyàn kò mọ̀ bóyá ó ń buni jẹ.

Wọ́n ti tú ọwọ́ mi. Ìka méjì kò ká mọ́. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ báyìí, ìlà rẹ̀ ń wọ́ bíi ti ẹni tó mutí yó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti wọ bùláòsì kan tí mo rán, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Lẹ́yìn tí o sọ òótọ́ lórí tẹlifíṣàn ni wọ́n tó mú bàbá rẹ, ó ṣì wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ní ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ pé òun lòun lu ìlù inú orin yẹn. Òótọ́ kan tó ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí wá bá mi lẹ́yìn tí o sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ó ní orin rẹ lòun fi jó níbi ìgbéyàwó òun. Ó jókòó tì mí. Ooru mú gan-an lọ́jọ́ náà, kò sì bọ́ ìborùn kúrò lọ́rùn. Nígbà tó dìde, mo ní kó má lọ. Ó ṣì wà níbí.

O ní ọwọ́ bàbá rẹ ni. N kò gbà. Bàbá rẹ wà ní àtìmọ́lé lọ́dọ̀ wa níbí lọ́jọ́ yẹn, kò kúrò níbẹ̀. Ìwọ lo gbá ọkùnrin yẹn lọ́rùn mú. Ohun tó sọ burú, ṣùgbọ́n ẹnu ló fi sọ ọ́. Má fi èmi ṣe ìdí, má sì dá orúkọ bàbá rẹ níwájú adájọ́. Lọ sí ọsibítù náà. Bí wọn kò bá jẹ́ kí o wọlé, dúró síta. Ìyàwó rẹ̀ á jáde, jẹ́ kó sọ gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ sí ọ, kí o má dá a lóhùn. Bèèrè bóyá etí ọkọ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ́ràn.

Inú ń bí mi sí ọ, mo sì ń sunkún rẹ. N kò mọ èyí tó pọ̀ jù. O bi mí bóyá màá gbà ọ́. Ọmọ mi ni ọ́, ibo ni mo fẹ́ jù ọ́ sí? Wálé. Ṣùgbọ́n bí o bá dé, má kan ilẹ̀kùn. Dúró síta kí o pè mí, èmi á jáde wá bá ọ.

Ìyá rẹ.